Bí a ṣe ń fi idẹ jó férémù kẹ̀kẹ́ ológeere tó bá ara ẹni mu

Ẹni tó bá fẹ́ jó férémù kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fáìlì kó tó fọwọ́ kan iná. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Kubwa, ní Àbújá, nìyẹn, òun náà ni màá sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. Ibi tí ẹnu páìpù kan ti jókòó sára èkejì ni agbára férémù wà. Bí wọ́n bá jókòó dáadáa tí ìmọ́lẹ̀ ò rí àárín wọn gbà kọjá, idẹ díẹ̀ ti tó láti dè wọ́n pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àárín wọn bá là, kò sí iye idẹ tí ẹ dà sí i tí kò ní là níjọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ìjọ́ tí ẹni tó gùn ún ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Katampe tí mọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kàdúná ni bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ ajórin, ní Pàntẹ́kà, níbi tí wọ́n ti ń sọ irin àlòkù di ohun èlò tuntun láti àárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iná gáàsì, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe fún àwọn ará Òkè Ọya: omi ló ń gbé, ẹ̀pà ló ń gbé, ó ń gbé ọmọ méjì lẹ́yìn bàbá wọn lọ sí ilé kéú. Nígbà tí mo kó wá sí Àbújá, mo rí i pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbí ń pọ̀ sí i, pàápàá láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n tókúnbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ wọn, ara ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ga gùn ún, orúnkún rẹ̀ ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú gùn ún, àfi kó nà gbọọrọ bí ó bá fẹ́ di bíréèkì mú.

Tíṣà kan báyìí wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ọ̀gá, kẹ̀kẹ́ yìí dára lójú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gùn ún kọjá Dei-Dei, ọrùn àti èjìká mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ṣé ẹ ò lè gé e kúrú ni?" Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wọn ara yín, ká ṣe tiyín." Kẹ̀kẹ́ Àǹtí Tíṣà yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ìṣirò náà lè yé yín.

Wíwọn ara

Ẹsẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà bọ́ bàtà, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó ya ẹsẹ̀ díẹ̀, kó wá fi ìwé tó nípọn há itan, kó fà á sókè títí yóò fi tẹ egungun ìdí bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ sàmì sí ògiri níbi tí orí ìwé náà dé, ẹ wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, òun fúnra rẹ̀ ni kó fa ìwé náà, ẹ̀yin ẹ kàn sàmì. Ti Àǹtí jẹ́ 84 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 74.2. Iye sẹ̀ǹtímítà tó yẹ kó wà láti àárín kíránkì, irin tí pẹ́dàlì so mọ́, dé orí ìjókòó nìyẹn. Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìṣirò yìí tàn kálẹ̀. Bí ẹ bá fi 0.67 sọ 84 di púpọ̀, ẹ ó rí 56.3, ìyẹn gígùn páìpù ìjókòó (èyí tó ti ibi kíránkì lọ sókè sí ìjókòó) bí páìpù òkè (èyí tó ti abẹ́ ìjókòó lọ síwájú) bá lọ gbọọrọ láìsọ̀ kalẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lásán ni ìṣirò méjèèjì. Ojú yín ló máa parí rẹ̀.

Ohun tí ìṣirò ẹsẹ̀ kò lè sọ fún yín ni gígùn àyà àti apá, ibẹ̀ gan-an sì ni ìrora Àǹtí ti wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ kúrú. Férémù tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu lọ́jà, páìpù òkè rẹ̀ máa ń sún mọ́ 56 sẹ̀ǹtímítà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan sórí ìdúró, mo ń sún ìjókòó síwá sẹ́yìn, mo ń pààrọ̀ ọrùn tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo sì ń wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, èjìká gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kúrò ní etí. 53 ni ara rẹ̀ ti tù ú. Nítorí pé aṣọ gígùn ló máa ń wọ̀, mo jẹ́ kí páìpù òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn, kó má baà máa gbé ẹsẹ̀ sókè jù kó tó gùn ún. Páìpù ìjókòó rẹ̀ wá di 50.

Fọ́ọ̀kì kọ́kọ́, àwòrán tẹ̀lé e

Ẹ má fa ìlà kankan kí fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, tó wà lọ́wọ́ yín. Gígùn rẹ̀ ló máa sọ ibi tí orí férémù máa wà. Mo sì ń rọ̀ yín, ẹ ra fọ́ọ̀kì tí wọ́n ti ṣe tán fún férémù àkọ́kọ́ yín, àti ìkejì pẹ̀lú. Bí férémù bá fẹ́ là, ó sábà máa ń kìlọ̀. Ọrùn fọ́ọ̀kì kì í kìlọ̀, eyín ẹni tó gùn ún ló sì máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ tó tóbi, ẹ ya férémù náà síbẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, láìdín in kù. Ẹ fa ìlà ilẹ̀. Táyà 700C (orúkọ ìwọ̀n rímù kan) tó nípọn 35 mìlímítà, àárín rẹ̀ wà ní 346 mìlímítà sókè, nítorí rímù rẹ̀ jẹ́ 622, ìdajì rẹ̀ 311, ẹ fi 35 kún un. Ẹ fa ìlà kọjá ní 346 yẹn. Orí rẹ̀ ni àárín táyà méjèèjì máa wà. Àárín kíránkì máa wà ní 70 mìlímítà sísàlẹ̀ ìlà náà, ìyẹn 276 sí ilẹ̀. Láti àárín kíránkì dé àárín táyà ẹ̀yìn, mo fún Àǹtí ní 440. Ó gùn díẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ eré sísá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà Bwari ní kòtò, ó sì máa ń di báàgì ìwé sẹ́yìn.

Páìpù ìjókòó máa dúró ní igun 73 dígírì sí ilẹ̀, páìpù orí, èyí tí ọrùn fọ́ọ̀kì ń gbà kọjá níwájú, ní 71.5. Ẹ má gbára lé ohun ìwọ̀n igun oníke tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Láti rí 73, ẹ wọn 1000 mìlímítà sókè gbọọrọ, ẹ wọn 306 sẹ́yìn láti orí rẹ̀, ẹ so ojú kejì pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Fún 71.5, ẹ wọn 335 dípò 306. Bí igun páìpù orí bá ṣe kéré tó ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣe máa rọ̀ tó, tí kò ní máa ta kúrò lójú ọ̀nà bí táyà bá kó sí kòtò. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya kíránkì sí i, ẹ gbé bàtà ẹni náà lé orí pẹ́dàlì tó wà níwájú, kí ẹ wò ó bóyá ìka ẹsẹ̀ máa kan táyà iwájú nígbà tó bá yà. Bó bá máa kàn án, orí pákó ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Irin

Mágínẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ mú lọ sí ọjà, kí wọ́n má baà ta alumíníọ́ọ̀mù fún yín. Irin tí a ń wá ni chromoly, èyí tí wọ́n ń pè ní 4130, irin tó ní kírómíọ́ọ̀mù bíi ìdá 1 nínú 100 àti molybdenum díẹ̀ nínú. Ó le débi pé páìpù tínínrín ti tó. Páìpù tó dára jù nípọn ní ẹnu méjèèjì níbi tí iná ti máa kàn án, ó wá tín ní àárín: 0.9 mìlímítà lẹ́nu, 0.6 láàárín. Ilé iṣẹ́ Reynolds ti ìlú Birmingham ló gba àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1897, páìpù 531 wọn tó jáde ní 1935 sì ni wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ àwọn eléré ìje fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ò ní rí irú rẹ̀ ní ọjà Dei-Dei. Ẹ lè ra á láti Ìlú Ọba tàbí Ítálì, nítorí páìpù férémù kan kì í wúwo, arìnrìn-àjò lè bá yín gbé e. Bí ò bá ṣeé ṣe, ẹ wá férémù chromoly tókúnbọ̀ tó tóbi ju èyí tí ẹ fẹ́ ṣe lọ, kẹ́ẹ gé páìpù inú rẹ̀. Kàlípà, ohun tí a fi ń wọn inú àti ìta páìpù, ló máa sọ òótọ́ fún yín níbẹ̀. Páìpù ìjókòó tó jẹ́ 28.6 mìlímítà níta, tó sì ń gba ọ̀pá ìjókòó 27.2, ara rẹ̀ ò lè nípọn ju 0.7 lọ, irin gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ 25.4 ló ń gbà, ara rẹ̀ nípọn 1.6, irin lásán ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọjú wo inú páìpù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, nítorí ìpẹtà a máa fara pamọ́ sí ìdí, ní ẹ̀bá kíránkì.

Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó wúwo, èéfín síńkì rẹ̀ sì máa ń fún èèyàn ní ibà àti òtútù ní alẹ́ ọjọ́ náà. Páìpù àga onírin wúlò fún ìdánrawò. Ẹ rà á, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi kọ́ ọwọ́ yín.

Ìwọ̀n tí mo lò fún Àǹtí, tí kò wúwo, rèé: páìpù òkè 25.4, páìpù ìsàlẹ̀ (láti páìpù orí dé ibi kíránkì) 28.6, páìpù ìjókòó 28.6, páìpù orí 36. Ilé kíránkì, páìpù kúkúrú tí kíránkì ń yí nínú rẹ̀, jẹ́ 68 mìlímítà ní fífẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ (ìlà tó yí inú rẹ̀ po bíi ti nọ́ọ̀tì) sì jẹ́ 24 nínú ínṣì kan. Mo ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yọ ilé kíránkì lára Raleigh bàbá rẹ̀: 26 nínú ínṣì kan ni ẹ̀yà ọ̀pọ̀ wọn, bìríńgì kíránkì tí wọ́n ń tà báyìí kì í wọ inú rẹ̀.

Ẹnu páìpù

Ibí ni kẹ́ẹ ti fara balẹ̀. Páìpù tó tín bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fi fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì iṣẹ́, dì í mú lásán, á tẹ̀. Ẹ lọ bá káfíńtà, àwọn tó wà ní Kugbo mọ̀ ọ́n ṣe, kó lu ihò tó ṣe déédéé pẹ̀lú páìpù náà sínú igi líle, kó wá la igi náà sí méjì láàárín ihò. Igi yẹn ni yóò máa di páìpù mú nínú fáìsì.

Kẹ́ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ gbé páìpù sínú irin onígun, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà gbọọrọ tẹ̀lé etí irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ páìpù dé òpin. Ìlà yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹnu kan kọjú sí òkè kí èkejì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Ètò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé bí ẹ bá kọ ìbú páìpù méjèèjì àti igun tí wọ́n fi pàdé síbẹ̀, yóò tẹ àwòrán ẹnu náà jáde sórí bébà. Ẹ fi rúlà wọn bébà náà kẹ́ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa dín nǹkan kù láìsọ. Páìpù 28.6, bébà tó yí i ká gbọ́dọ̀ sún mọ́ 90 mìlímítà. Ẹ wé e mọ́ páìpù, kí àmì rẹ̀ bọ́ sórí ìlà yín, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ayùn irin gé e, kẹ́ẹ ṣẹ́ bíi mìlímítà méjì kù.

Fáìlì tó ní ikùn ló kù. Ìgbà tí ẹ bá ń tì í síwájú ló ń jẹ irin. Bí ẹ bá ń fà á padà, ẹ gbé e kúrò lára rẹ̀. Ẹ má gbà kó máa mì sọ́tùn-ún sósì. Bí páìpù 28.6 bá pàdé páìpù orí 36 ní ọ̀gangan, ikùn tí ẹ máa gbẹ́ sí i jìn tó 7 mìlímítà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé igun ni wọ́n fi ń pàdé, ẹ̀gbẹ́ kan máa gùn ju èkejì lọ, ẹnu tó gùn yẹn sì máa mú bí ọ̀bẹ. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, ẹ má sì lọ̀ ọ́ kúrò, irin tó wà níbẹ̀ wúlò.

Ọgbọ́n tí mo kọ́ ní Pàntẹ́kà nìyí: ẹ po tìróò pọ̀ mọ́ ẹ̀kán epo kan, ẹ fi ìka pa á fẹ́ẹ́rẹ́ sára páìpù orí. Ẹ gbé ẹnu páìpù kejì sí i, ẹ mì ín díẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Ibi tí tìróò ti kàn ní ẹnu páìpù ni ó ga. Ẹ fáìlì ibẹ̀ nìkan, ẹ tún gbé e sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú méjì péré ni tìróò máa ń mú. Bí ẹ bá ti ń bá a lọ, ojú náà á di mẹ́rin, á di ìlà jágajàga, á wá yí ẹnu náà po tán. Nígbà yẹn ẹ gbé méjèèjì síwájú fèrèsé. Bí ẹ bá ṣì rí ìmọ́lẹ̀, ẹ wé bébà ìyanrìn mọ́ páìpù tó ní ìbú kan náà pẹ̀lú èyí tó máa jókòó lé, ẹ fi ẹnu náà ra á síwá sẹ́yìn ní igun tó yẹ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ọ̀gá, ó ti tó, idẹ á dí i." Mi ò kì í gbà. Èyí ni mo mọ̀ sí iṣẹ́, ìyókù jẹ́ ìparí rẹ̀.

Ẹnu kan ni kẹ́ẹ parí pátápátá kẹ́ẹ tó wọn gígùn fún èkejì, kẹ́ẹ sì máa gbé páìpù náà lé orí àwòrán inú pákó nígbà gbogbo.

Kẹ́ẹ tó kó wọn lọ síbi iná, ẹ lu ihò kékeré, 3 tàbí 4 mìlímítà, sí ara páìpù orí, páìpù ìjókòó àti ilé kíránkì níbi tí páìpù mìíràn máa bò, kí atẹ́gùn gbígbóná lè ríbi jáde. Bí kò bá sí ihò náà, atẹ́gùn tó há sínú á tú idẹ tó yọ́ síta, á sì fi ihò sílẹ̀ sínú ìsopọ̀ yín. Ẹ fi bébà ìyanrìn fọ ojú irin títí yóò fi dán, nínú àti níta, kó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ẹnu. Ẹ fi spirit nù ún. Láti ìgbà náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, ọ̀rá ọwọ́ kì í jẹ́ kí idẹ lẹ̀.

Iná àti idẹ

Bí ẹ bá bèèrè ọ̀pá ìjórin lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ó lè fún yín ní èyí tí àwọn tó ń tún fíríìjì àti A/C ṣe ń lò. Wọ́n ń pè é ní ọ̀pá fàdákà, ó sì máa ń yọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ má gbà á. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó dára fún bàbà, ṣùgbọ́n bó bá pàdé irin, ó ń sọ ojú ìsopọ̀ di ohun tó ń ṣẹ́ bí àwo. Lójú, ẹ máa rò pé ó ti dì. Ọ̀pá fàdákà tó tọ́ sí irin wà, èyí tó ní fàdákà 56 nínú 100, tó ń yọ́ ní 620 sí 650 dígírì, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í gba àárín tó là rárá. Ọ̀pá idẹ ni mo ń lò, bàbà bíi 60 àti síńkì bíi 40 nínú 100, tó ń yọ́ ní ẹ̀bá 890, pẹ̀lú bórákísì, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí ojú irin mọ́ nínú iná. Irin fúnra rẹ̀ ò tíì ní yọ́ níbẹ̀, ó ṣì ku 500 dígírì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa gáàsì, ẹni tí kò tíì lò ó rí, kó lọ jókòó ti ajórin àgbà fún ìgbà díẹ̀. Òróró tàbí gíríìsì ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọ́síjìn láéláé, iná ló ń dá sílẹ̀. Agbára tí gáàsì kábáìdì fi ń jáde kò gbọdọ̀ kọjá 15 psi lójú géèjì, ẹ má sì fi páìpù bàbà gbé e, ó ń di ohun tó lè bú gbàmù. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí kí èéfín lè jáde. Ní àsìkò ọyẹ́, atẹ́gùn máa ń gbá iná kúrò lójú iṣẹ́, nítorí náà mo máa ń fi páànù dí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, mo sì máa ń fi apá kejì sílẹ̀.

Ẹ de páìpù mọ́ orí irin onígun tó tọ́, kí gbogbo wọn dúró ní ojú kan náà. Ẹ po bórákísì pọ̀ mọ́ omi, ẹ fi pa ojú ìsopọ̀. Ẹ tan iná, ẹ ṣe é títí ahọ́n funfun kékeré tó wà nínú rẹ̀ yóò fi mọ́ ṣáká, lẹ́yìn náà ẹ fi ọ́síjìn kún un díẹ̀ gan-an. Kẹ́ẹ máa fi iná náà yí gbogbo ìsopọ̀ ká, kì í ṣe ojú kan. Èyí tó nípọn ni kẹ́ẹ mú gbóná jù: ilé kíránkì lè gba iná fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí páìpù 0.9 ti pọ́n.

Bórákísì máa kọ́kọ́ hó, á wú funfun, á gbẹ. Ẹ má tíì fi idẹ kàn án. Ó máa padà yọ́, á wálẹ̀, á di gíláàsì tó mọ́ tí ẹ fi lè rí irin lábẹ́ rẹ̀. Irin á pọ́n dúdú, lẹ́yìn náà á pọ́n gidi. Nígbà yẹn ni kẹ́ẹ fi ẹnu ọ̀pá idẹ tọ́ irin wò, kì í ṣe iná. Bó bá ti gbóná tó, irin ni yóò yọ́ idẹ, idẹ á sì sáré wọ àárín páìpù méjèèjì lójú yín. Bí idẹ bá ṣù jọ, tó ń yí bírí lórí irin, ooru ò tíì tó tàbí ojú náà dọ̀tí. Bí ẹ bá rí èéfín funfun, ẹ ti mú un gbóná jù. Síńkì ń hó jáde lára idẹ ní 907 dígírì, ẹ gbé iná kúrò díẹ̀.

Ojú mẹ́rin kéékèèké ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi dì í, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kẹ́ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ẹ tó padà wá yí i ká. Ẹ jẹ́ kí idẹ kọ́kọ́ wọ inú, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ kó o jọ níta títí ìgbòòrò rẹ̀ yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà kan, tí ojú rẹ̀ á tẹ́, tí àtàǹpàkò á rí ibi jókòó. Páìpù ìjókòó sí ilé kíránkì ni mo máa ń kọ́kọ́ jó, tí màá sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ó dúró ọ̀gangan. Páìpù ìsàlẹ̀ àti orí tẹ̀lé e, páìpù òkè ló kẹ́yìn. Ẹ má da omi sí i, ẹ má fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Chromoly tó bá tutù lójijì á le jù, á sì máa ṣẹ́. Kó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí gíláàsì bórákísì lè rọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé ó dán, abẹ́ rẹ̀ ni àbùkù ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́

Àlàfo tó wà láàárín àwọn páìpù tínínrín tó di táyà ẹ̀yìn mú lọ́tùn-ún àti lósì gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀bù, àárín táyà tí sípóòkù so mọ́, tí ẹ ní mu: 130 mìlímítà fún kẹ̀kẹ́ ojú títì, 135 fún èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ orí òkè tókúnbọ̀, 120 bó bá jẹ́ pé velodrome (pápá eré ìje kẹ̀kẹ́) tó wà ní pápá ìṣeré ìjọba níbí lẹ ń ṣe é fún. Mo fún Àǹtí ní 135, kó lè rí họ́ọ̀bù rà níbikíbi. Ẹ to táyà gidi sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dì í, kí àlàfo lè ṣẹ́kù lọ́tùn-ún àti lósì fún ẹrẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó tọ́, ẹ so òwú mọ́ ibi tí táyà ń wọ̀ lẹ́yìn, ẹ fà á yí páìpù orí ká, ẹ mú un padà sí apá kejì lẹ́yìn, kó le dáadáa. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti páìpù ìjókòó ní apá méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju mìlímítà kan lọ, ẹ lè fi ọwọ́ àti igi gígùn rọra fà á ní tútù, irin máa ń gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kẹ́ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi táyà sí i, ẹ wò ó, ẹ yí táyà náà padà sódì, ẹ tún un wò. Bó bá sún mọ́ apá kan náà nígbà méjèèjì, férémù ló wọ́. Bó bá pààrọ̀ apá, táyà ni.

Iná máa ń ba ẹ̀yà ilé kíránkì jẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń fún páìpù orí pọ̀. Ẹ gbé e lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ọ̀pọ̀ wọn wà ní Apo, kó tún ẹ̀yà náà là, kó sì gbẹ́ inú páìpù orí dé ìwọ̀n tí bìríńgì yín fẹ́, 34 mìlímítà fún èyí tí mo lò. Ẹ rán an létí pé ẹ̀yà apá ọ̀tún, apá ṣéènì, òdì ló ń yí. Ọ̀dà kò le: ẹni tó ń fín mọ́tò lè bá yín ṣe é, bó bá ti lè fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà sí i kọ́kọ́, kí ó má sì fín in ní ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ wà nínú afẹ́fẹ́. Kí òjò tó dé, ẹ da òróró díẹ̀ gba ihò wọ̀nyẹn sínú páìpù, ẹ yí férémù náà káàkiri kí ó lè pa gbogbo inú rẹ̀.

Bí ẹni tó ni ín bá ti gùn ún fún oṣù kan, kó gbé e padà wá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ wo abẹ́ ibi tí páìpù ìsàlẹ̀ ti pàdé orí, àti ẹ̀bá ilé kíránkì ní apá ṣéènì. Bí ẹ bá rí ìlà tínínrín lórí ọ̀dà, ẹ fi èékánná wá a. Bí èékánná bá kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kó gùn ún lọ sílé. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, ẹ wò ó bóyá ọ̀dà nìkan ló là tàbí irin.